Ẹ Bi Mí: Nígbà Tí Ọwọ́ Dókítà Akunnilóorun Bá Ń Gbọ̀n

Ẹ kú oṣù tuntun o. Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, mo kọ̀wé nípa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, ìyẹn iṣẹ́ dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Mo ní kí àwọn tó wà lẹ́nu rẹ̀, àti àwọn tó ń bá wọn gbé, kọ ohun tó ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn ránṣẹ́. Lẹ́tà wọlé ju bí mo ṣe rò lọ. Tí mo bá wo aago tí wọ́n fi ránṣẹ́, òru ni púpọ̀ nínú wọn. Mo ti yọ orúkọ yín àti ohunkóhun tó lè tú àṣírí yín. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ohùn ẹ̀rọ náà kò kúrò létí mi

*Mọ̀mí Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ akunnilóorun. Lóṣù tó kọjá, lóru, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá tí ìfun rẹ̀ lọ́. Mo fún un ní oògùn oorun, mo fẹ́ ti túùbù bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò wọlé. Mo tún un ṣe, kò wọlé. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá kó pe ọ̀gá, mi ò gbọ́ rárá. Òun ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó kúkú pè é. Ọ̀gá dé, ó fi ìbòmú àti báàgì fún ọkùnrin náà ní ọ́síjìn, lẹ́yìn náà ló wá fi irinṣẹ́ oní-kámẹ́rà ti túùbù wọlé. Ọkùnrin náà yè, ó ti lọ sílé, ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí fóònù ẹnikẹ́ni bá dún ní ohùn ìsàlẹ̀ báyìí, àyà mi á já. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tí mo bá ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n mú ọkàn le, pé gbogbo wa la ti rí irú ẹ̀ rí. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ kọ́ òmíràn ni mà? — Ọwọ́-ń-gbọ̀n*

Ọmọ mi, o kú ewu. Mo mọ ohùn tí ò ń wí.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kì í ṣe oníṣègùn: ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń fi há aláìsàn níka. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú ìka náà kọjá ló fi ń mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan, ló rí ọgbọ́n yẹn níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Bí ọkàn bá ṣe ń lù ni ẹ̀rọ náà ń dún, bí ọ́síjìn bá sì ti ń lọ sílẹ̀ ni ohùn yẹn á máa wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn lè fi etí mọ̀. Bó o bá ti ṣe iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀, o ò ní mọ̀ pé ò ń gbọ́ ọ mọ́, àfi ìgbà tó bá wálẹ̀. Èmi tí mo ti fẹ̀yìntì yìí, mo ṣì máa ń gbé orí sókè tí mo bá gbọ́ ohun tó jọ ọ́. Nítorí náà, ara rẹ ṣe ohun tí a kọ́ ọ pé kó ṣe. Ó kàn ń ṣe é jù báyìí ni.

Ìdààmú tó bá ọ lẹ́yìn òru yẹn ti ní orúkọ tipẹ́. Lọ́dún 2000, Dókítà Albert Wu kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn BMJ pé tí nǹkan bá yíwọ́ nílé ìwòsàn, aláìsàn ló kọ́kọ́ fara gbá a, àmọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ ni ẹnì kejì tó fara gbá a, òun kì í sì í rí ẹni bi í léèrè àlàáfíà. Aláìsàn tìrẹ yè, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ara rẹ kò gbọ́ pé ó parí.

Ibi tí mo dúró sí jù nínú lẹ́tà rẹ ni ti nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́. Lọ́dún 2005, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó awakọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Martin Bromiley wọ tíátà fún iṣẹ́ abẹ tí kò le, inú imú ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Wọ́n fún un ní oògùn oorun tán, ọ̀nà mímí há, túùbù kò wọlé. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń ti túùbù, wọ́n tún ń ti túùbù, ojú wọn kò rí nǹkan mìíràn mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ti gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dá ọ̀nà mímí sí ọrùn wá, ó sì sọ fún wọn pé ó ti wà nílẹ̀. Òmíràn ti pe ICU, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, pé kí wọ́n tọ́jú ibùsùn. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ ohun tó kàn, àwọn dókítà kò gbọ́. Obìnrin náà kú lẹ́yìn ọjọ́ 13. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, lọ́dún 2007 ó sì dá ẹgbẹ́ Clinical Human Factors Group sílẹ̀.

Kí lo rí nínú ìyẹn? Bí ìpayà bá gba ara, ojú á há, etí á di, àkókò á máa sáré láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀. Ó ṣe ọ̀gá, ó ṣe ọmọ iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí kò tiẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ọkàn líle mọ́, kíkà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlànà tí Difficult Airway Society, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀nà mímí tó ṣòro, gbé jáde lọ́dún 2015 fi ààlà sí i: ìgbìyànjú mẹ́ta, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ tún gbìyànjú ẹyọ kan sí i bó bá dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí o la ẹnu sọ ọ́ sókè pé túùbù kò wọlé, kí gbogbo yàrá gbọ́, kí ẹ bọ́ sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tí ọ̀gá rẹ ṣe nìyẹn. Ọ́síjìn ló kọ́kọ́ wá, kò wá túùbù.

Nítorí náà, lọ bá ọ̀gá yẹn. Má dúró dìgbà tó bá pè ọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kó rò pé ìwọ ni kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ ká jọ tún ọ̀rọ̀ ọkùnrin onífun yẹn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, kí ẹ jọ wo iye ìṣẹ́jú tó jẹ́ gan-an àti ibi tí ọ́síjìn wálẹ̀ dé. Ohun tí ìwé yóò sọ àti ohun tí orí rẹ ń sọ fún ọ lóru lè máà bára mu. Lẹ́yìn náà, wá nọ́ọ̀sì yẹn rí. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ ṣe àdéhùn pé bó bá tún di irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó fọwọ́ lé ọ léjìká, kó pe orúkọ rẹ, kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọwọ́ tó bà léjìká a máa wọlé síbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ti ráyè.

Béèrè pé kí wọ́n fi ọ́ sábẹ́ ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lọ́sàn-án, níbi tí iṣẹ́ túùbù ti pọ̀, kí ọwọ́ rẹ tún rí i pé ó ń wọlé. Nígbà tí ọwọ́ bá sì ń gbọ̀n lórí oògùn, gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Mí sínú, kí o wá mí síta kó pẹ́ ju ti inú lọ, kí o ṣe é títí èjìká rẹ yóò fi rọlẹ̀. Kí ẹlòmíràn bá ọ ka orúkọ ara ìgò kí o tó fà á. Kò sẹ́ni tí yóò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kí gbogbo wa máa ṣe lójoojúmọ́ ni.

Bó bá ti kọjá oṣù kan tí ò ń lá àlá rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà ń já wọ ọkàn rẹ láìròtẹ́lẹ̀, tí o sì ń wá àwáwí kí wọ́n má fi ọ́ sí kọ́ọ̀lù òru, ìyẹn iṣẹ́ àṣemọ́jú, lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ìtọ́jú wà fún un, ọ̀rọ̀ sísọ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ti pé kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní dí ọ lọ́nà. Mo mọ àwọn tó kúrò, tí ara sì tù wọ́n. Ohun tí mo máa sọ ni pé má ṣe pinnu rẹ̀ ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé kọ́ọ̀lù, má sì pinnu rẹ̀ nínú oṣù tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ní kí o mú ọkàn le ńkọ́? Mú ọ̀kan nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, èwo ni tìẹ?" Wá àga kí o tó bi í, torí á pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin akunnilóorun, kí ló dé tí ẹ ń kanra?

*Dókítà Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Oníṣẹ́-abẹ ni mí. Mo kàn bi dókítà akunnilóorun wa pé "Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bù mí jẹ. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí. Kí ni mo wí tí kò dáa? — Alábẹ*

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bi í? Ẹ sọ òótọ́. Ó pẹ́ tí èmi àti àwọn oníṣẹ́-abẹ ti jọ wà, mi ò tíì rí èyí tó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ ń béèrè. Oògùn tó fún aláìsàn ti gba mímí lọ́wọ́ aláìsàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀, túùbù kò tíì sí nípò, ọ̀nà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ sì lè gbà wọlé sí ẹni yẹn lára ni ọwọ́ òun. Ó dà bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n tó ń gun afárá onígi kọjá, tí ẹnìkan wá ń pariwo lẹ́yìn pé ṣé ó ti dé. Èsì rere kò lè ti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ̀yin kì í rí. Bí dókítà akunnilóorun bá wo aláìsàn tó ní "Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú, ìfúnpá rẹ̀ ti ga jù," òun ni ẹlẹ́bi níwájú ẹbí aláìsàn, níwájú yín, níwájú ilé ìwòsàn. Bó bá sì gbà pé kó wọlé, tí nǹkan ṣe é, òun náà ni ẹlẹ́bi. Àárín méjèèjì ló ń gbé láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìyẹn ń rẹni ju ìdúró pípẹ́ lọ.

Lọ́dún 2008, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé àyẹ̀wò fún ààbò iṣẹ́ abẹ jáde. Ìdúró mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí aláìsàn tó gba oògùn oorun, kí abẹ tó kan awọ, kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà. Ní ìdúró kejì, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó wá ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ń kà á ní kánmọ́kánmọ́ bí wọ́n bá ti ń nu ara aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ ṣe é dáadáa. Ó rọrùn láti pariwo "Ẹ gbà mí!" fún ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ ju ẹni tí a mọ̀ sí "oníṣẹ́-abẹ" lásán lọ.

Nípa orúkọ náà sì tún ni: Virginia Apgar, tí gbogbo yín ń fi orúkọ rẹ̀ ka máàkì fún ọmọ tuntun láti ọdún 1952, ẹ mọ̀ pé akunnilóorun ni? Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bá mi jiyàn pé dókítà ọmọdé ni.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ sọ pé: "A ti ṣetán, ẹ sọ fún wa tó bá tó." Kí ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro níbẹ̀.

Ọkọ mi ń sùn nínú mọ́tò

*Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọkọ mi ni akunnilóorun. Tó bá ti ibi kọ́ọ̀lù dé, inú mọ́tò ni màá ti bá a tó ti sùn lọ, ẹ̀rọ mọ́tò á ṣì máa ṣiṣẹ́. Tó bá wọlé, kò ní sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ju ṣíbí mọ́ inú àwo, á pariwo mọ́ ọn, lẹ́yìn náà á lọ ti ara rẹ̀ mọ́ bàlùwẹ̀. Tí mo bá béèrè, á ní kò sí nǹkan kan. Ṣé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni? — Ìyàwó Dókítà*

Ìyàwó wa, ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Mọ́tò yẹn ni kí a kọ́kọ́ sọ.

Lọ́dún 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Wọ́n rí i pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, bí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ọlọ́pàá á gbé awakọ̀ tó bá kọjá ìwọ̀n yẹn. Bó bá di wákàtí 24, ó ti fẹ́ ìlọ́po méjì. Kò sí ọtí lẹ́nu ọkọ yín, àmọ́ bó ṣe ń wakọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Kó sùn níbi iṣẹ́ kó tó jáde, tàbí kí ẹlòmíràn máa wá gbé e. Ẹ sì sọ fún un kó máa pa ẹ̀rọ mọ́tò kó tó sùn, pàápàá níbi tí ògiri bá yí ká, nítorí èéfín mọ́tò a máa pani lójú oorun.

Ti ṣíbí: gbogbo òru ló fi ń tẹ́tí sí ohun tó bá yí padà. Etí rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀ nígbà tó dé ilé. Ẹ jẹ́ kó wẹ̀, kó sùn. Ẹ má bi í ní ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí kò níṣẹ́, tí ẹ jọ ń ká aṣọ tàbí tí ẹ jọ ń rìn, kí ẹ wá bi í pé, "Ta ni ẹ bá ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn?" Ìbéèrè tó ní orúkọ èèyàn nínú rọrùn láti dáhùn ju "Kí ló ń ṣe yín?" lọ.

WHO to burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun, mọ́ àwọn ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá nínú ìwé àwọn àìsàn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019, ohun mẹ́ta ni wọ́n sì ní ká fi mọ̀ ọ́n: kó rẹni débi pé agbára tán, kí ọkàn jìnnà sí iṣẹ́ tàbí kí èèyàn kórìíra rẹ̀, kí èèyàn sì máa rò pé òun ò wúlò níbẹ̀ mọ́. Wọn kò pè é ní àìsàn. Bó bá wá tàn kọjá iṣẹ́, tí kò jẹun, tí ohun tó ti ń mú inú rẹ̀ dùn kò mú un dùn mọ́, ìsoríkọ́ lè ti wọ̀ ọ́, àìsàn nìyẹn, kó lọ gba ìtọ́jú. Bó bá sì sọ pé ì bá sàn kí òun má sí láyé, ẹ má rò pé àwàdà ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lọ́jọ́ náà, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má tẹ orúkọ mi

*Oògùn tó yẹ kí n dà nù lẹ́yìn iṣẹ́, mo ti ń mú un lọ sílé. Oorun ni mo ń wá. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀.*

Ọmọ mi, èmi ti mọ̀ báyìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Má wọ tíátà lọ́la. Pè wọ́n pé ara rẹ ò yá. Òótọ́ ni, irọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, fi ohùn ara rẹ sọ fún ẹnìkan: dókítà tó ń tọ́jú ọ, ọ̀gá kan tí o fọkàn tán, tàbí ẹ̀ka tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà yà sọ́tọ̀ fún ìlera dókítà níbi tí o wà. Kó bá ọ kó ìyókù oògùn náà kúrò nílé. Má gbìyànjú láti dá a dúró ní ìkọ̀kọ̀ fúnra rẹ. Ara tó ti mọ́ ọn a máa jà, ìtọ́jú tó máa mú ìjà náà rọlẹ̀ sì wà.

Ìwọ náà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ibi tí oògùn yìí ti ń fún èèyàn lóorun àti ibi tí ó ti ń dá mímí dúró kò jìnnà síra. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fún aláìsàn kankan kí á sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ló jókòó tì ọ́ ní yàrá rẹ?

Ìwé àṣẹ rẹ ló ń bà ọ́ lẹ́rù, mo mọ̀. Wọn yóò yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà kan, wọn yóò tọ́jú rẹ, wọn yóò máa yẹ̀ ọ́ wò fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà tó gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ló padà sídìí ìṣègùn. Àwọn kan nínú wọn lọ sí ẹ̀ka tí oògùn yìí kò sí ní àrọ́wọ́tó. Bí ó bá jẹ́ pé bí o ṣe ń ka èyí, ikú lo ń rò, má ka ìyókù. Pe nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí kí o jáde lọ síbi tí èèyàn wà.

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo àti ìwé tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí kí a tó da ìyókù oògùn nù, àwọn òṣìṣẹ́ yín ni ẹ fi ń dáàbò bò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò fọkàn tán àwọn.

Èèyàn ò tó, kí ni kí n ṣe?

*Èmi ni mo ń ṣètò ẹni tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka akunnilóorun. Ìsinmi, ìsinmi ni gbogbo èèyàn ń pariwo. Mi ò rí ẹni fi sípò. — Aṣètò*

Ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé jiyàn. WFSA, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ akunnilóorun àgbáyé pọ̀, ní ó kéré tán, kí dókítà akunnilóorun 5 wà fún èèyàn 100,000. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò sún mọ́ ọn. Òfin tó de wákàtí iṣẹ́ kò sì rí bákan náà níbi gbogbo: ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wákàtí 48 lọ́sẹ̀ ni òfin fi ààlà sí, pẹ̀lú wákàtí 11 fún ìsinmi láàárín ọjọ́ kan, ní Amẹ́ríkà, wákàtí 80 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti ọdún 2003. Ìwé lásán kò lè bí èèyàn fún yín.

Síbẹ̀, ẹ wo àwọn tí ẹ ní. Ṣé ibì kan wà tí wọ́n lè dùbúlẹ̀ sí lóru, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì látinú? Ṣé ìwé ètò iṣẹ́ ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lè mọ̀? Ta ló ń gba àga lọ́wọ́ ẹni tó ti jókòó ti aláìsàn láti àárọ̀, kó lè lọ tọ̀, kó lè mu omi? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: akunnilóorun tí kò mu omi nítorí pé kò mọ ìgbà tó máa rí ilé ìtura lọ. Iṣẹ́ tó lè dúró di àárọ̀, kí ló ń ṣe ní tíátà ní aago mẹ́ta òru? Ìyẹn kò béèrè owó, ó béèrè pé kí ẹ dúró gbọin níwájú àwọn oníṣẹ́-abẹ. Tí aláìsàn bá sì kú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn gba èyí tó kàn. Ẹ má bi í bóyá ó lè ṣe é, torí á ní òun lè ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kíláàsì yóógà ọ̀sán rọ́pò gbogbo ìyẹn. Mi ò kórìíra yóógà. Àmọ́ mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe ẹni tó kúrò ní kọ́ọ̀lù òru pé kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sinmi.

Ìbéèrè kúkurú

*Mọ̀mí, kọfí mélòó ló tó lóru?*

Ó kéré sí èyí tí ò ń mu. Láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́fà ìdájí ni ara máa ń wálẹ̀ jù, kọfí kò sì lè san gbèsè oorun. Bí ààyè bá wà, mu ago kan, kí o dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú; kọfí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní déédéé ìgbà tí o bá ń jí. Má sùn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá lè pè ọ́ nígbàkigbà, nítorí ẹni tó jí látinú oorun ìjìkà kì í tètè dá ara rẹ̀ mọ̀, kò sì yẹ kó fa oògùn fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí o bá mu ní aago márùn-ún ìdájí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ìgbà tó yẹ kí o ti máa sùn nílé. Lẹ́yìn aago mẹ́ta òru, omi ni kí o máa mu.